Ṣé kí n ra amp gìtá àtijọ́ yìí?

Ọmọ Lágere: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo rí amp Peavey Bandit 65 kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, lọ́dọ̀ bàbá tó ń ta tòkúnbọ̀ ní Ifẹ̀ níbí, ó tiẹ̀ fi ń jókòó bí àpótí ni. Ti transistor ni, kò ní valve tó dà bíi gílóòbù yẹn. Ohùn ẹ̀ ṣì dùn àmọ́ tí mo bá yí volume ó ń ha gàràgàrà. ₦60,000 ló pè é. Kí n rà á fún ṣọ́ọ̀ṣì?

Bàbá Oníbéèsì: Àbúrò, ìdọ̀tí inú kọ́ńbù volume nìyẹn. Fọ́n contact cleaner, oògùn tí wọ́n fi ń fọ inú ẹ̀rọ iná, sí i, yí i lọ yí i bọ̀ bí ogún ìgbà, á dákẹ́. Tó bá ń kùn "hùùù" láìtíì ki wáyà gìtá bọnú ẹ̀ ni kó o bẹ̀rù, ó lè jẹ́ kàpásítọ̀, ẹ̀yà inú ẹ̀ tó ń tọ́jú iná, ló ti gbó.

Onídùrù Iléṣà: Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o! Tí wọ́n bá kọ 120V ti Amẹ́ríkà síbẹ̀ tẹ́ ẹ wá so ó mọ́ iná wa tó ga jùyẹn lọ tààrà, èéfín lẹ máa rí. Mo ti jó tèmi rí, ọjọ́ ìsọjí gan-an, gbogbo ìjọ ń wò mí. Step-down, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, lẹ máa rà sí i, ẹ ka owó yẹn mọ́ ọn.

Ọmọ Lágere: Háà, 120V ni o! Mo ń padà lọ ná a sí 40.