Àwo orin tó parí kí n tó dé Dùgbẹ̀: ṣé ẹ kà á sí odidi àwo?

Bàbá Rédíò Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ yunifásítì kan gbé sípíkà méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi fláàṣì rẹ̀ tì í, ó ní orin inú rẹ̀ ni kí n fi dán wọn wò tí mo bá tún wọn ṣe tán. Èmi kì í fi orin àlejò dán sípíkà wò. Láti ọjọ́ tí mo ti gba fíríìdọ́ọ̀mù, Ebenezer Obey ni mo ń lò, torí mo mọ ibi tí gìtá kọ̀ọ̀kan jókòó sí nínú orin rẹ̀ bí mo ṣe mọ ibi tí ìyàwó mi ń gbé iyọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti sanwó sílẹ̀, mo sì ní kí n ṣe ohun tó wí.

Àwo àkọ́kọ́ àwọn Vampire Weekend, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, ló wà níbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni orúkọ àwo, oṣù kìíní ọdún 2008 ló sì jáde. Orin 11, ìṣẹ́jú 34. Mo tún un kà, ó ṣì jẹ́ ìṣẹ́jú 34. Mo dà á sínú fóònù mi, mo wọ Míkírà láti Agbowó lọ́jọ́ Sátidé, mo ń lọ ra páàtì ní Dùgbẹ̀. Orin kìíní bẹ̀rẹ̀ bí awakọ̀ ṣe tẹ iná. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa díẹ̀ ní Sángo. A ò tíì gun bíríìjì Mọkọ́lá tí gbogbo ẹ̀ fi dákẹ́. Mo rò pé bátìrì fóònù ló kú. Mo wò ó, fóònù ń ṣiṣẹ́. Orin ló tán!

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé a lè pe èyí ní odidi àwo? Ẹ̀gbẹ́ kan péré nínú àwo Obey àtijọ́ lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń rìn láìdúró. Èkejì, kí ló dé tí gìtá àwọn òyìnbó yìí fi dà bí ẹni tó ti jẹun nílé wa rí? Ẹ̀kẹta ni pé mi ò gbọ́ béèsì kankan. Mo gbé e sórí sípíkà ọmọ yẹn lálẹ́ Àìkú láti tún un gbọ́ dáadáa, bákan náà ló rí. Gìtá ń ta wínníwínní lókè, ìlù ń sáré bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ṣéńjì, ìsàlẹ̀ wá ṣófo bí ìkòkò ọbẹ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè.

Àgbà Ọjà-Ọba

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé gígùn ni orin wa láti ìbẹ̀rẹ̀? Nígbà tí Túndé King ń gbé jùjú jáde ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939, àwo olójú-méjì tó ń yára yí ló wà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí gíramafóònù rẹ̀. Ojú kan kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí ẹnu ọ̀rọ̀ bá dùn títí, àwo tán, o dákẹ́ nìyẹn. Ìgbà tí àwo ńlá dé ni àwọn Obey tó rí àyè na ẹsẹ̀. Àwo ló na orin.

Òde àríyá náà sì dá kún un. O fẹ́ ki alága, o fẹ́ ki ìyàwó alága, àwọn àna rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ tòun ti bọ́ńdù owó. Ta ni yóò parí ìyẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta? Àwọn ọmọ tó o mú wá yìí kò ki ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ná wọn lówó, kí ni wọ́n ń dúró ṣe?

Ọmọ-ọmọ mi fi sí i fún mi lánàá, mo gbọ́ mẹ́rin. Kò wọ̀ mí lára, ká má purọ́. Kí Dáúdà Epo Àkàrá tó wọnú ọ̀rọ̀ gan-an nínú awúrebe, àwọn wọ̀nyí ti kó gìtá wọn, wọ́n ti délé.

Onígìtá Òkè-Àdó

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Béèsì ni èmi ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tí ẹ̀gbọ́n sọ yìí sì dùn mí débi ìdí.

Ẹ̀gbọ́n Agbowó, béèsì wà níbẹ̀! Chris Baio ló ń ta á. Fóònù lẹ kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ nínú Míkírà, ibo ni fóònù ti fẹ́ rí béèsì? Lẹ́yìn ìyẹn, sípíkà tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn yín lẹ tún fi gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá íápíìsì tó dáa lọ́wọ́ ẹnìkan kẹ́ ẹ fi gbọ́ “A-Punk”, orin kan nínú àwo náà.

Ní ti gìtá, Kóńgò lẹ ń gbọ́, kì í ṣe Oǹdó. Kwassa kwassa tí wọ́n fi sọ orúkọ orin kan, ijó Kóńgò ni, Kanda Bongo Man wà lára àwọn tó gbé e káàkiri ayé. Wọ́n wá fi Cape Cod ṣáájú ẹ̀, ìyẹn etíkun tí àwọn olówó Amẹ́ríkà ti ń lo àkókò ooru. Ohun tó ń tàn wá ni pé wọn ò fi ariwo kún ohùn gìtá wọn, wọ́n ń ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè téńté. Ṣùgbọ́n nínú jùjú, gìtá mẹ́ta mẹ́rin ló máa wà níbẹ̀, kálukú á di tirẹ̀ kékeré mú, á máa pa dà síbẹ̀, wọ́n á wá hun ara wọn bí ẹní. Sunny Adé tún gbé gìtá Háwáì tó máa ń sunkún yẹn lé e. Àwọn wọ̀nyí ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi ohun dídùn hàn ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ó máa ń múnú bí mi. Síbẹ̀ mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọ aṣọ tán.

Ọmọ Sámọ̀ńdà

Olè ni wọ́n jàre. Àwọn ọmọ Columbia University ní New York wá kó orin Kóńgò, wọ́n di gbajúmọ̀. Àmọ́ mo fẹ́ràn orin wọn “M79”. Orúkọ bọ́ọ̀sì kan ní New York ni o! Ta ló máa kọrin Míkírà Ìwó Road fún àwa náà?

Bàbá Rédíò Agbowó

@Ọmọ Sámọ̀ńdà, olè wo ló máa ń kọ orúkọ onílé sára ẹrù? Wọ́n pe kwassa kwassa ní kwassa kwassa. Rọra.

@Onígìtá, àbúrò mi, mo dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo yá íápíìsì ọmọ tó ń ta káàdì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Béèsì kún ibẹ̀ bámúbámú. Mo tún gbé e sórí sípíkà, ó tún pòórá. Òógùn bò mí. Mo tú ẹ̀yìn àwọn sípíkà náà, àṣé èmi ni mo so wáyà ọ̀kan sódì, pọ́sítíìfù síbi nẹ́gátíìfù. Bí ọ̀kan bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì á máa fà á sẹ́yìn, wọ́n sì ń pa béèsì ara wọn. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí! Ká ní Obey ni mo fi dán an wò ni, mi ò bá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan sọnù. Orin tí mi ò mọ̀ ni, mo bá di ẹ̀bi ru olórin.

Bàbá Ọjà-Ọba, ọ̀rọ̀ àwo olójú-méjì yẹn yé mi, sà. Mi ò ní bi ìṣẹ́jú 34 léèrè mọ́.

Ọmọ yunifásítì náà dé lọ́sàn-án òní wá gbé ẹrù rẹ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ wáyà fún un o, ẹ má tú mi fó. Ó bi mí pé báwo lorin náà. Mo ní kó fi fláàṣì sílẹ̀ fún mi di Fúráìdé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ra òmíràn. “A-Punk” ni mo fi dán anpilifáyà ìyá oníkòkó wò nírọ̀lẹ́ yìí. Ó kúrú, kò jẹ epo jẹnẹrétọ̀.