Sítọ́ọ̀ kíṣìnì: oúnjẹ tí kò ní kẹ́míkà, ibo lẹ ti ń rà á l'Ékòó, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀?

Ìyàwó_Yábàá:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Yábàá láti Ìpájà ni, fúláàtì ọ̀hún ò tóbi àmọ́ ó ní sítọ́ọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì, ẹni tó bá ti bá ilé márùn-ún pín kíṣìnì kan rí á mọ ìdí tí inú mi fi ń dùn. Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ni pé dọ́kítà ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ti ń ru, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó yéé jẹ núdù àti nǹkan inú agolo ní gbogbo ìgbà. Mo ní ó tán, oúnjẹ gidi nìkan ló máa wọ sítọ́ọ̀ tuntun yìí, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀gáníìkì, èyí tí wọn ò fi kẹ́míkà gbìn.

Mo wá ya súpámákẹ́ẹ̀tì kan n'Íkòyí, háà! Ìrẹsì pupa inú páálí, kínówà (hóró òyìnbó kan), òróró àgbọn, iyọ̀ aláwọ̀ pínńkì, oríṣiríṣi. Mo wo owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kínówà yẹn, mo rọra dá a padà síbi tí mo ti mú un kí sìkiọ́rítì má baà ro nǹkan míì. Ṣé dandan ni irú nǹkan báyẹn? Kí lẹ̀yin ń kó sílé, ibo lẹ ti ń rà á? Àti pé báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà tí kòkòrò ò fi ní sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, torí mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n da ọ̀tapiapia sí, mo ti gbọ́ ìyẹn títí, ọkàn mi ò balẹ̀ sí ẹ̀wà ọjà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí n lọ gbin tèmi o, bákónì wa ò gbà ju ìkòkò èfìnrìn kan lọ.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó:
Àǹtí, ẹ kú ilé tuntun, a ó ṣe é lálò pẹ́ o.

Ẹ fi kínówà sílẹ̀ jàre. Orí òkè Andes ní Peru àti Bolivia ló ti wá, ó dáa lóòótọ́, àmọ́ owó ọkọ̀ ẹ̀ lẹ máa bá wọn san. Àcha tó ń ti Plateau wá ńkọ́, jéró ńkọ́, ọkà bàbà ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta hóró l'Ágége.

Ẹni tó bá kọ ọ̀gáníìkì sára páálí, ẹ bi í pé ta ló yẹ oko ẹ̀ wò. Àwọn kan á na ìka sí nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ ni, kò sọ pé wọn ò fín oògùn lóko. Ìwé ẹ̀rí ọ̀gáníìkì gidi, èèyàn á lọ sóko, á wo ilẹ̀, á wo ajílẹ̀ tí wọ́n ń lò, á wo ohun tí wọ́n fi ń lé kòkòrò, owó kékeré kọ́ ló ń ná àgbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó ń gbin ilá l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ tí ò rówó ra ajílẹ̀ òyìnbó ò fi ní sítíkà kankan lára ilá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilá ẹ̀ lè mọ́ ju ti inú ike lọ. Èmi ò sọ pé gbogbo ti ọjà ló mọ́ o. Mo kàn ń sọ pé ẹ bá èèyàn ra ọjà, ẹ má bá sítíkà rà á.

Ìrẹsì: ọ̀fadà, ó parí. Ìpínlẹ̀ Ògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ló ti ń wá, wọn kì í bó o tán bíi ti funfun, èèpo inú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni okun oúnjẹ wà. Àmọ́ èèpo yẹn ní òróró nínú, òun ló fi ń tètè mú òórùn wá ju ìrẹsì funfun lọ tó bá pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín ra odindi àpò, ẹ̀yin méjì péré. Ẹ ra kóńgò bíi mélòó kan, ẹ ṣà á dáadáa torí òkúta, ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ lọ ra òmíì.

Ìyá_Oníhóró_Dàlẹ́kò:
Ọmọ mi, èmi ń ta ẹ̀wà, jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀wà fún ẹ, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ba ojú àwa ọlọ́jà jẹ́.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ṣe é. Dichlorvos tó wà nínú oògùn kòkòrò yẹn ni wọ́n bá lára ẹ̀wà wa tí àwọn ará Yúróòpù fi ní kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ àwọn mọ́, láti oṣù kẹfà ọdún 2015. NAFDAC náà ń pariwo ẹ̀, ní 2019 wọ́n ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ọlọ́jà kórìíra èèyàn o. Kòkòrò ẹ̀wà yẹn, látoko ló ti ń yé ẹyin ẹ̀ sára ẹ̀wà, ẹ ò ní rí i, ẹ máa gbé àpò dé ṣọ́ọ̀bù tó mọ́ tónítóní, tó bá ṣe díẹ̀ ẹ máa gbọ́ tí inú àpò ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Owó wà nínú àpò yẹn, ẹ̀rù á bà á, ló bá da oògùn sí i. Kò dáa, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí àpò alápò-mẹ́ta ti wà tipẹ́. Rọ́bà méjì ló wà nínú ẹ̀, àpò líle á wá bò wọ́n, o máa so ẹnu rọ́bà àkọ́kọ́ pinpin, o so ìkejì, o so ti òde, kòkòrò inú ẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí sí, yóò kú síbẹ̀. Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde nítorí ẹ̀wà ilẹ̀ Áfíríkà wa gan-an. Tóo bá dé ọjà, bi ọlọ́jà pé kí ló fi ń tọ́jú ẹ̀wà. Ẹni tó ń lo àpò yẹn, ara á yá a láti fi hàn ẹ́.

Bóo bá bu ẹ̀wà tán, fi imú sí i. Tó bá ti ń rùn bíi yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, gbé e sílẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń rùn, nítorí náà oníbàárà kan ṣoṣo ló dáa, ẹni tóo mọ ilé ẹ̀. Olóyin ni kóo máa rà, ó dùn, kì í jẹ gáàsì.

Sílé ńkọ́: wá kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ táútáú, rọ ẹ̀wà sí i kó kún dé ẹnu, gbá a nílẹ̀ kó lè jókòó, fi òmíì kún un, kí afẹ́fẹ́ má ráyè, dé e le. Má wá máa ṣí i lójoojúmọ́ o, èyí tóo máa sè lọ́sẹ̀ yẹn, bù ú sọ́tọ̀.

BàbáÌbejì_Múṣin:
Ẹ fi ata gbígbẹ sí i, kò sí kòkòrò tó máa débẹ̀. Ohun tí màmá mi ń ṣe nìyẹn.

Ìyá_Oníhóró_Dàlẹ́kò:
Bàbá Ìbejì, ata ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ kòkòrò tó ti wà nínú hóró látoko, kí ni ata òde fẹ́ ṣe fún un? Afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀bútéMẹ́ta:
Ẹ kú iṣẹ́ o màmá, ẹ ṣeun. Ẹni tí iná bá ń gbé dáadáa ládùúgbò ẹ̀, firísà náà dáa: ẹ di ẹ̀wà sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ ti afẹ́fẹ́ jáde, ẹ gbé e sí firísà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin àti kòkòrò á kú. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tú u lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí òtútù ẹ̀ kúrò pátápátá nínú náílọ́ọ̀nù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sára ẹ̀, ẹ̀bu á wá bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó Yábàá, ọ̀rọ̀ ọkọ yín ló jẹ mí lógún jù. Iyọ̀ ni dọ́kítà bá yín sọ, ọ̀gáníìkì ò sì ní í ṣe pẹ̀lú ìyẹn. Iyọ̀ pínńkì tẹ́ ẹ rí n'Íkòyí yẹn, iyọ̀ náà ni, ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè wà nínú ẹ̀ bó ṣe wà nínú ti náírà kékeré. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, kò kún ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú búrẹ́dì, inú mágí, inú ẹja oníyọ̀, gbogbo ẹ̀ la pa pọ̀. Mágí gan-an lọ̀tá tó sápamọ́. Ẹ lọ kó àwọn nǹkan tó ń fún ọbẹ̀ ládùn láìsí iyọ̀ sí sítọ́ọ̀: edé, ẹja kíká gbígbẹ (ẹ tọ́ ọ wò, kó má jẹ́ oníyọ̀), ata gígún, ata ilẹ̀, áyù, èfìnrìn inú ìkòkò yín yẹn. Irú woro náà, àmọ́ ẹ sọ fún aláta pé èyí tí wọn ò fi iyọ̀ sí lẹ fẹ́, ẹ gbé e sí firísà, torí iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa á mọ́. Ọkọ yín á kọ́kọ́ máa kùn pé ọbẹ̀ tẹ́, ẹ má dá a lóhùn, ahọ́n máa ń mọ́ra.

Ẹ̀pà àti àgbàdo: èyíkéyìí tó bá ti bu, tó ní àwọ̀ ewé tó fara pẹ́ yẹ́lò lára, ẹ dà á nù. Ẹ má ní ẹ fẹ́ yan án. Oró tí ẹ̀bu yẹn ń tú síbẹ̀, aflatoxin, iná kíṣìnì kì í pa á tán, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ẹ̀gúsí àti ààpọ̀n, ẹ rà á láìlọ̀, ẹ máa lọ̀ ọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ sè é, lílọ̀ ló ń jẹ́ kó tètè kan.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó:
Ẹ má gbàgbé epo o. Àwọn kan ń pa epo láró, àró aṣọ gan-an, Sudan IV ni wọ́n ń pè é, NAFDAC ti kìlọ̀ títí. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, pé ẹ fi omi sí i, ẹ fi tíṣù nù ún, èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ wá ẹni tí ìdílé ẹ̀ ń fún epo, kó máa bá yín gbé e wá, ẹ bu ú sí ìgò, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Ọlọ́jà tó to epo sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́, oòrùn ti jẹ nínú iṣẹ́ epo yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀bútéMẹ́ta:
Epo tó mọ́ pàápàá, kí ọkọ wọn má fi wẹ̀ nínú ọbẹ̀ o ẹ̀gbọ́n, ọ̀rá tó ń dì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ẹ̀.

Ìyàwó_Yábàá:
Ẹ ṣé gan-an ni o, màmá, ẹ̀gbọ́n, àǹtí nọ́ọ̀sì, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gàrí ńkọ́? Ọkọ mi ò lè ṣe kó má mu gàrí lọ́sàn-án Sátidé, a lè kúkú kọ ara wa sílẹ̀ tí n bá ní kó fi í sílẹ̀. Sítọ́ọ̀ yìí náà ò ní fèrèsé, ilẹ̀ ẹ̀ sì máa ń tutù tí òjò bá rọ̀.

Ìyá_Oníhóró_Dàlẹ́kò:
Hahaha, má dé ọ̀dọ̀ lọ́yà nítorí gàrí o. Ra ti Ìjẹ̀bú, èyí tó kan dáadáa, tó sì gbẹ. Bù ú sọ́wọ́, kó máa dún wàràwàrà bóo bá ń dà á padà, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ra wọn ti gba omi, ẹ̀bu ló ń bọ̀ yẹn. Kẹ́míkà kọ́ ló ń ba oúnjẹ jẹ́ jù l'Ékòó níbí, omi inú afẹ́fẹ́ ni, pàápàá láti oṣù kẹfà lọ. Má gbé nǹkankan sórí sìmẹ́ńtì lásán. Ní kí kápẹ́ńtà kan pákó tó ga díẹ̀ sí ilẹ̀, kó má sì fẹ̀yìn ti ògiri. Èlùbọ́, gàrí, ọ̀fadà, gbogbo ẹ̀ sínú rọ́bà tó ní ìdérí, sá rọ́bà náà sóòrùn kóo tó rọ nǹkan sí i. Fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tóo bá wà nílé.

Ata, tòmátò, iṣu, Máìlì 12 ni, kóo tètè débẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀fọ́ àti ewédú, Òyìngbò sún mọ́ ẹ, máa ra ti ọbẹ̀ kan. Tóo bá ń bọ̀ wá ra ẹ̀wà ní Dàlẹ́kò, gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ dání, kó ti gbẹ láti ilé o, a máa bá ẹ rọ ọ́ síbẹ̀.