Switch kan náà, iye méjì: ṣé fáìlì MIB ló fà á?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Switch kan (ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) wà tí mo ń fi SNMP, ìlànà tí a fi ń béèrè ipò ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń gbóná sí. Tí mo bá tẹ snmpget, àṣẹ tó ń béèrè iye kan lọ́wọ́ ẹ̀rọ, lórí láptọ́ọ̀pù mi, 41.2 ló ń gbé jáde. Tí mo bá tẹ àṣẹ kan náà lórí sáfà tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ wa, 412 ni. Switch kan náà, OID (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ohun tí à ń béèrè) kan náà, kò sì tó ìṣẹ́jú kan láàárín méjèèjì.

Mo ti ní kí sáfà náà figbe ta tí ooru bá kọjá 60, nítorí náà mi ò fojú kan oorun lóru àná. Mo sáré débẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ara switch náà, kò gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ.

Mo fi -On sí i kí orúkọ lè kúrò níbẹ̀. Orúkọ kúrò lóòótọ́, OID di nọ́ńbà, ṣùgbọ́n 41.2 ṣì ni níbí, 412 ṣì ni lọ́hùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe lórí láptọ́ọ̀pù tí n kò ṣe lórí sáfà ni pé mo da fáìlì MIB (tó ń ṣàlàyé àwọn OID) àwọn tó ṣe switch náà sínú ~/.snmp/mibs, mo sì ní kó máa kà á. Èmi rò pé MIB kàn ń fún OID lórúkọ ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn 1

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. 412 ni switch yín fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Switch ò mọ̀ bóyá ẹ ní MIB tàbí ẹ ò ní. OID, irú iye tó jẹ́, àti iye náà fúnra rẹ̀ ló ń rìn lórí wáyà. INTEGER (odindi nọ́ńbà) kì í gba pọ́ìntì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ ṣí fáìlì MIB yẹn, ẹ wá DISPLAY-HINT, ẹ ó bá "d-1" níbẹ̀. Ó ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé kó fi pọ́ìntì síwájú nọ́ńbà tó kẹ́yìn. RFC 2579, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 1999, ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

-On kò fọwọ́ kan iye, OID nìkan ló ń yí padà. Ẹ lo -m '' kí ó má ka MIB kankan, kí ẹ sì fi nọ́ńbà kọ OID, torí kò ní mọ orúkọ mọ́.

Ìdáhùn 2

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn da MIB yẹn sórí sáfà kí ẹ sì lọ sùn! Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Script mi (ètò kékeré tó ń ka iye náà fúnra rẹ̀) ń fi 10 pín iye tó bá rí. Ẹnìkan gbé MIB síbẹ̀, iye wá di 41.2, script tún pín in, ó di 4.12. Fáànù kú, ooru ń gòkè, ìkìlọ̀ kankan ò dún.

ifOperStatus, tó ń sọ bóyá ojú ìsopọ̀ kan ń ṣiṣẹ́, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: "up" níbi tí IF-MIB, fáìlì MIB tirẹ̀, wà, 1 lásán níbi tí kò sí. Ti ifPhysAddress, àdírẹ́sì ojú ìsopọ̀ náà, tilẹ̀ burú jù. Pẹ̀lú MIB, 00 tó bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì á di 0 kan ṣoṣo, script tó ń fi àdírẹ́sì wéra á sọ pé wọn ò bára mu.

Nínú script, -m '' pẹ̀lú -Oqv (kó gbé iye nìkan jáde) ni mo máa ń lò, kí n fúnra mi pín iye náà. Èèyàn tó ń fojú kà ló nílò MIB.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi -m '' sí i, 412 ló jáde lórí méjèèjì. "d-1" wà nínú fáìlì náà lóòótọ́. Mo tún rí "mibs :" nínú /etc/snmp/snmp.conf lórí sáfà, Debian (irú Linux kan) ni, ìlà yẹn ni kì í jẹ́ kó ka MIB kankan. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti yí 60 sí 600.