Mo fẹ́ so ìlà fóònù mẹ́jọ mọ́ kọ̀ǹpútà Unix kan: ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kọ̀ǹpútà Unix kan wà lábẹ́ àbójútó mi, modem méjì (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ìlà fóònù) ló wà lára rẹ̀, àwọn tó ń lò ó sì máa ń fi fóònù pè é kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ti pọ̀ ju ìlà méjì lọ báyìí, mo fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́jọ. Mo fi modem kẹta sí COM3 (COM ni ojú tí a ń ki wáyà modem bọ̀ lára kọ̀ǹpútà), ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti wà lórí COM1, méjèèjì á kàn dákẹ́ ni.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti àná. Fóònù ẹnì kan já lójijì. Ẹni tó pè tẹ̀ lé e kò rí ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rárá, inú iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ló bá ara rẹ̀. Ì bá ka lẹ́tà onílẹ́tà, ì bá pa fáìlì rẹ̀ rẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èèyàn dáadáa ni, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn 1:
Àbúrò, IRQ ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan fi ń ké sí kọ̀ǹpútà pé òun ní iṣẹ́ fún un. IRQ 4 kan náà ni COM1 àti COM3 ń lò. IRQ 3 ni ti COM2 àti COM4. Lórí káàdì ISA (irú káàdì àtijọ́ tí a ń ki bọ inú kọ̀ǹpútà), wọn kì í lè jọ lo ẹyọ kan láìdí ara wọn lọ́wọ́. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ra káàdì olójú mẹ́jọ: IRQ kan ló máa ń tó gbogbo wọn, dráífà rẹ̀ (ètò tó ń darí káàdì náà) ló máa mọ ojú tó ké. Rí i dájú pé dráífà wà fún irú Unix tìrẹ kó o tó sanwó.

Béèrè irú UART tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ṣíìpù tó ń gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ modem. Èyí tí wọ́n ń pè ní 16450 ò lè di ju báìtì kan (bíi lẹ́tà kan) mú. Bí kọ̀ǹpútà ò bá tètè gbà á, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bò ó mọ́lẹ̀, ó sì di àwátì. 16550A ní àyè báìtì 16. Tí èèyàn mẹ́jọ bá jọ wọlé, wàá rí ìyàtọ̀.

Ìdáhùn 2:
Ẹ jẹ́ ká fi ti káàdì sílẹ̀ ná. Ẹni tó bọ́ sínú iṣẹ́ ẹlòmíràn yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Yọ ìlà yẹn lónìí, má dúró dọ̀la.

DCD ni àmì tí modem fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹnì kan wà lórí ìlà. Bí ìpè bá já, àmì náà á wálẹ̀, Unix á fi SIGHUP (àmì pé ìlà ti já) pa shell ẹni náà, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ rẹ̀, getty tuntun, ètò tó ń ṣọ́ ìlà, á sì dìde láti béèrè orúkọ. Ó jọ pé kọ̀ǹpútà tìrẹ ò wo DCD. Fi àṣẹ AT&C1&D2 sí modem, kí DCD lè máa sọ òótọ́, kí modem sì já ìpè bí kọ̀ǹpútà bá ní kó já a, kó o sì fi &W pa á mọ́. Lẹ́yìn náà, wo wáyà rẹ. Tó bá jẹ́ èyí tó ní okùn mẹ́ta péré ni, DCD ò lè gbabẹ̀ kọjá. Àwọn èèyàn á wá tan clocal, ètò tó ń sọ fún Unix pé kó má wo DCD, kí getty lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, ibẹ̀ sì ni ewu ti ń wọlé. Wáyà tó pé okùn, àti `stty -clocal hupcl crtscts`, ni kó o lò.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Okùn mẹ́ta ni lóòótọ́, clocal sì wà níbẹ̀! Mo ti pààrọ̀ wáyà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo mọ̀ọ́mọ̀ já fóònù, orúkọ ló ń béèrè ní gbogbo ìgbà. Kódà, "respawning too fast" (ìkìlọ̀ pé getty ń kú, ó sì ń dìde lemọ́lemọ́) tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti oṣù mélòó kan ti lọ.

Ìdáhùn 3:
Ó yẹ kó lọ. Getty ń kọ "login:", modem ń dá a padà fún un, getty sì rò pé èèyàn ló ń dáhùn. Fi ATE0Q1 kún un kí modem má máa fọhùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ mgetty (irú getty mìíràn) lò ń lò, má fi Q1 sí i o, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró gbọ́ RING, ọ̀rọ̀ tí modem ń sọ bí fóònù bá dún.

Ní ti ìlà mẹ́jọ, sọ fún ilé-iṣẹ́ fóònù kí wọ́n fi nọ́ńbà kan ṣáájú gbogbo wọn, kí ìpè máa bọ́ sórí ìlà tó kàn bí ti iwájú bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn ò ní sọ fún ọ ni pé modem tó ti kú kì í jọ ìlà tó ń ṣiṣẹ́. Á kàn máa dún lásán, ìpè ò ní kọjá síwájú, gbogbo èèyàn á sì há síbẹ̀ nígbà tí mẹ́fà ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti fi odidi òpin ọ̀sẹ̀ kan jìyà rẹ̀ rí. Bí modem kan bá ń ṣe ségesège, fi ATH1 gbé ìlà rẹ̀ sókè kó lè jọ ìlà tó ń ṣiṣẹ́, kí ìpè lè kọjá síwájú, tàbí kó o fi í sí ìdí pátápátá.

Ẹni tó béèrè:
Modem mi àtijọ́ máa ń dákẹ́ bó bá gbóná, òun ló sì wà lórí ìlà àkọ́kọ́. Mo ń gbé e lọ sí ìkẹjọ lálẹ́ yìí.