Èsì: «Ìbáṣepọ̀» kọ́ ni à ń wí, «àjọṣe» ni

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àpérò o.

Mo ti fẹ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí: orúkọ tí a ó pe iṣẹ́ tí ènìyàn púpọ̀ pa ọwọ́ pọ̀ ṣe, bóyá «bá» la ó fi hun ún ni, tàbí «jọ». Ẹni tó bá la ẹnu lórí bá àti jọ níbí, wọ́n á ní kò ríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀gá wa ní Èkó kọ ọ́ pé bá àti jọ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, kí kálukú mú èyí tó bá wù ú, ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òkun ní Kútọnù ló fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bí àwọn ibùdó ìwádìí òkun ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ sọ bí ilé-ẹ̀kọ́ àti orílẹ̀-èdè ṣe ń pa ọwọ́ pọ̀, àti ìdí tí wọ́n fi ń wá ènìyàn láti ìran gbogbo. Ó wá hun ọ̀rọ̀ méjì, ìbáṣepọ̀ fún ti àkọ́kọ́, ìyàtọ̀síra fún ti ìran gbogbo, ó ní ká bá òun yẹ̀ wọ́n wò. Kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa la sọ ọ́ di ogun.

Ó yá, bá. Bí mo bá ní «mo bá Àlàbí kọ́lé», ta ló nilé? Bí ìyàwó ilé bá ní «ẹ bá mi gún iyán yìí», ẹni tó gún un títí tí òógùn fi bò ó lè má fẹnu kàn án. Iyán oníyán ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní «a jọ kọ́ ilé náà», ẹjọ́ ti yí padà. Bí wọ́n bá tà á, ẹ ó pín owó.

Ẹ tún wo nǹkan mìíràn. Jọ kì í bá ẹnì kan ṣoṣo rìn. Kò sọ́mọ Yorùbá, ì báà jẹ́ ti Ṣábẹ̀ẹ́, ti Kétu tàbí ti Ìlọrin, tó máa sọ pé «mo jọ lọ sóko». Àfi kí ẹ pé méjì, ó kéré tán. Bá ní tirẹ̀, ẹnì kan ń ṣe, ẹnì kan ló ni ín. Ọ̀gá wa, ṣé ọmọ ìyá kan náà nìwọ̀nyí?

Ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ ní Kétu gbè mí lẹ́yìn, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n mú wá kò dúró. Wọ́n ní «àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà», pé jọ náà ló wà nínú àgbájọ. Rárá, ẹ̀gbọ́n. Jọ inú gbájọ, kójọ, péjọ, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ló wà. Jọ tí à ń jà lé lórí, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń wà. Èmi nìkan lè kó ewé jọ lẹ́yìnkùlé. Ewé ò bá mi dá sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá kan lè kó akẹ́kọ̀ọ́ ogún láti ilẹ̀ mẹ́wàá jọ sínú ilé-ìwádìí kan, kí wọ́n ya fọ́tò, kó sì jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ó kó wọn jọ. Wọn ò jọ ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ Yorùbá ní kíláàsì kí wọ́n tó bí mi. Òótọ́ ni, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ ẹ̀yìn ò tíì di jọ iwájú.

Àwọn àgbà wa ò ṣi iṣẹ́ méjèèjì pè rí. Ọ̀wẹ̀ wà, àáró wà. Lọ́dọ̀ bàbá mi àgbà, lọ́nà Kétu, bí wọ́n bá bẹ̀ wá lọ́wẹ̀, ẹ ó jẹun yó, ẹmu á wà, ọbẹ̀ á lẹ́ran. Tí oòrùn bá wọ̀, oko ẹni tó bẹ̀ yín lẹ ro, kò jẹ yín ní nǹkan kan mọ́ ju «ẹ ṣeun». Àáró ò rí bẹ́ẹ̀. Lónìí tèmi, lọ́tùn-únla tìrẹ, ebè tí o kọ fún mi ni mo máa kọ fún ọ. Ibà lè dá bàbá wólẹ̀, wọ́n á rán ọmọ lọ dípò ara wọn. Bí ọ̀wẹ̀ ni, wọ́n á kàn ránṣẹ́ pé ara àwọn ò yá.

Ẹ wá gbé e dé orí òkun. Láti 1997 ni Bràsíl, Faransé àti Amẹ́ríkà ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní PIRATA lórí Àtìláńtíìkì ilẹ̀ olóoru. Wọ́n so àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, tó ń wọn afẹ́fẹ́, òjò, ìgbóná omi àti iyọ̀ inú rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ibi tí ìlà agbedeméjì ayé ti pàdé ìlà Greenwich, ní gúúsù Gánà. Iyọ̀ òkun ò fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tún wọn ṣe. Bràsíl ń bójú tó apá ìwọ̀-oòrùn, Faransé ń bójú tó ìlà-oòrùn títí kan apá ọ̀dọ̀ wa, Amẹ́ríkà sì mú àwọn ti àríwá ìlà-oòrùn. Ohun tí ẹ̀rọ bá wọ̀n, gbangba ni wọ́n ń kó o sí. Àáró nìyẹn. Ẹ pè é ní àjọṣe, ẹnu yín ò ní bó.

Woods Hole náà ńkọ́, ní Massachusetts? Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ilé-ìwádìí ibẹ̀ pọ̀: wọ́n dá ti ohun abẹ̀mí inú òkun sílẹ̀ ní 1888, ti ìmọ̀ òkun gan-an ní 1930, ìjọba sì ní ti ẹja níbẹ̀. Ọdún pọ̀ tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ò fi bẹ́ẹ̀ ríbi wọlé. Ní 2009, àwọn ilé náà jọ dá ètò kan sílẹ̀ láti máa mú àwọn ọ̀dọ́ tí ìran wọn ò wọ́pọ̀ nínú ìmọ̀ yìí wá fún ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìwádìí nígbà ẹ̀rùn wọn. Ambrose Jearld, onímọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwádìí ẹja ìjọba níbẹ̀, wà lára àwọn tó bí ètò náà. Ẹ ò rí i pé mo kọ «àwọn ilé náà jọ dá»? Bí ilé kan ṣoṣo bá dá a, mi ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gírámà ò ní jẹ́ n parọ́.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, mo ti rí jọ, mo ti rí bá. Ilé-ìwádìí ẹja àti òkun wà ní Kútọnù, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìmọ̀ òkun ní Yunifásítì Abomey-Calavi, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ láti Faransé. Ní Grand-Popo, láti 2013, wọ́n gbé kámẹ́rà sókè tó ń wo ìgbì àti etíkun. Ará Bẹ̀nẹ̀ àti ará Faransé ni wọ́n jọ wà nídìí rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ míì á wá, á pọn omi wa, ọmọ wa á di okùn ìgò mú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ọkọ̀ á lọ. Nígbà tí ìwé ìwádìí bá jáde, orúkọ ọmọ yẹn á wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ó bá wọn ṣe é. Ẹ jẹ́ kí èdè wa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká má fi «pọ̀» inú ìbáṣepọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Pọ̀ yìí ló sì ń bí mi nínú jù. Àwọn kan tún ń kọ àjọṣepọ̀! Jọ ti wà níwájú, kí ni pọ̀ tún ń wá lẹ́yìn? Wọ́n ní rédíò ń lò ó. Rédíò náà ló ń sọ pé «padà sẹ́yìn». Mo mọ̀ pé ó ti wọ̀ lára, mi ò ní lu ẹni tó bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n kọ ọ́.

Ìyá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan ló sọ ohun tó mú mi dúró díẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fi ara sí i, tó di «a bá ara wa ṣe é», kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ni iṣẹ́ mọ́ nínú bá: lónìí mo bá ọ, lọ́la o bá mi. Àáró gan-an nìyẹn, mi ò sì rí èsì gidi fọ̀ fún wọn. Àfi pé bí olùkọ́ bá dúró níwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ní «ìbáraṣe», Màmá, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ẹ̀rín máa gbà wọlé.

Ìyàtọ̀síra kò gba àkókò. Yà àti ọ̀tọ̀ ló bí i, ẹni tó bá sì ti yà sọ́tọ̀ ti kúrò lágbo. Ohun tí à ń wá ni pé kí wọ́n wà lágbo! Ẹni tó dá àìjọra lábàá gbìyànjú, ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi pé àwọn tí kò jọra ni a fẹ́ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹni pé nǹkan kan ṣaláìtó. Onírúurú ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí gbogbo wa. Ìlú tí a ti ń kọ̀wé yìí ń jẹ́ Àjàṣẹ́, ó ń jẹ́ Xɔgbonu lẹ́nu àwọn Gun, ó ń jẹ́ Porto-Novo nínú ìwé ìjọba. Ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀ ò nílò àlàyé onírúurú.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá wa ní Èkó, «àjɔshe» ni mo kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe àṣìkọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn. Mo yí i padà lónìí nítorí yín, ẹ má wá sọ pé ẹ ṣẹ́gun.

Nítorí náà, lọ́wọ́ tèmi: Ibùdó Àjọṣe Ìwádìí Òkun, fún onírúurú ènìyàn. Ó kù ẹ̀rọ tó ń léfòó yẹn. Ẹnì kan ti pè é ní «àmì-orí-omi», èyí tó burú ju ìbáṣepọ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ náà kì í ṣàmì fún ẹnikẹ́ni, ìwọ̀n ló ń wọ̀n. Àwọn apẹja lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní orúkọ fún ohun tó ń gbé àwọ̀n wọn léfòó. Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹnikẹ́ni tó tún hun nǹkan míì.