Mo ti gba ìwé ìrìnnà tuntun, nọ́ńbà àtijọ́ ni ó ṣì wà lórí àṣẹ ìgbélùú mi

Ọmọ Alárè: Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìrìnnà tuntun ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà, ó sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n wọkọ̀ wálé, nítorí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, ń jáde ní ọdún Ojúde Ọba. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó: Bí ó bá jẹ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wọ àkántì yín lọ́dọ̀ UKVI, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí físà àti ìgbélùú, kí ẹ fi ìwé tuntun náà kún un, wọn kì í gba owó. Káàdì BRP, èyí tí wọ́n ń kọ àṣẹ ìgbélùú sí tẹ́lẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìparí ọdún 2024.

Ìyá Ṣágámù: Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Èmi gbàgbé láti ṣe é. Nígbà tí mo ń padà láti Ìkẹjà, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yẹ ìwé tuntun mi wò, kò rí àṣẹ kankan lórí rẹ̀, ó sì fà mí kúrò lórí ìlà, bẹ́ẹ̀ ìwé àtijọ́ wà nínú àpótí tí mo fi sílẹ̀ ní Ṣágámù. Ojú mi ni ọkọ̀ ṣe gbéra. Tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ni mo rà. Ọmọ mi, sún ìrìn àjò yìí síwájú!

Ará Ìpẹru: Ìyá, ẹ má dẹ́rù bà á. Ní Amẹ́ríkà níbí, ìwé méjèèjì ni mo fi ń rìn, nítorí físà inú ti àtijọ́ kò tíì parí.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀gbọ́n, inú ìwé ni físà Amẹ́ríkà lẹ̀ mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ti Gẹ̀ẹ́sì wà, nọ́ńbà ìwé ni wọ́n sì fi ń wá a.

Ará Ìpẹru: Bí wọn kò bá tíì fọwọ́ sí àtúnṣe náà kí ó tó gbéra ńkọ́? Nọ́ńbà àtijọ́ náà ni wọn yóò fi rí i, nítorí náà kò gbọdọ̀ fi ìwé yẹn sílẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ yẹ orúkọ inú NIN yín wò pẹ̀lú, kí ó bá ti ìwé ìrìnnà mu.

Ọmọ Alárè: Ẹ ṣeun. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Mo ti fi ìwé tuntun ránṣẹ́ lórí àkántì náà lálẹ́ àná, wọn kò tíì dáhùn. Ìyá Ṣágámù, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò lè sún un: bàbá mi ti ń ka ọjọ́, wọ́n sì ti rán aṣọ ẹgbẹ́. Ìwé méjèèjì yóò wà lọ́wọ́ mi, mo ń bọ̀.