Ọ́fíìsì onígíláàsì tó ń gbóná lọ́sàn-án: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilé kíkọ́. Gíláàsì ni gbogbo ògiri ọ́fíìsì wa tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Tó bá ti di ọ̀sán, àwọn tó jókòó síbẹ̀ á máa làágùn, wọ́n á ní ká gbé ẹ̀rọ amúlétutù wá sí 18. Àwọn tó wà láàárín ilé á wá máa wá súẹ́tà. Owó iná ń lọ sókè, síbẹ̀ kò tẹ́ ẹnì kankan lọ́rùn.

A ti ta kọ́tìnnì, àmọ́ oòrùn ti gba inú gíláàsì wọlé kó tó kan kọ́tìnnì, inú ilé ni ooru rẹ̀ ń há sí. A tún wá ń tan iná lọ́sàn-án gangan! Ó ku ọ̀rá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, àbí ìbòòji tí wọ́n ń kàn mọ́ ìta. Ti ìta wù mí jù, torí kò ní jẹ́ kí oòrùn dé ara gíláàsì rárá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì máa ń rẹlẹ̀, èyí tó kàn yọ síta lókè fèrèsé nìkan kò lè dí i.

Nínú méjèèjì, èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kí ilé ṣókùnkùn? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.